Ẹ jẹ́ ká máa fín oko ní ìrọ̀lẹ́: lẹ́tà ṣíṣí sí Bàbá Alága àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Kuje

Bàbá Alága wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ gbogbo,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ bá wa yanjú lọ́dọ̀ àwọn Gbagyi onílẹ̀ wa. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, púpọ̀ nínú wa ì bá má tíì rí ibi fi ọkọ́ kàn nílùú Abuja yìí. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ká parí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ ná. Ìgbà kejì, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn tó ń padà sí Kubwa àti Nyanya ti ń wo aago. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ ní gbangba, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe oko tiwa nìkan ni nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń dáko ní Gwagwalada, ní Kwali, ní Bwari, títí dé Kaduna àti Zaria, bí a ti ń ṣe é ni àwọn náà ń ṣe é.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ká yéé fín oògùn apakòkòrò láàárọ̀ Sátidé. Ká sún un sí ìrọ̀lẹ́.

Mo mọ ohun tó gbé e sí àárọ̀ Sátidé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú wa, ọjọ́ yẹn nìkan la sì ń ráyè. Aago mẹ́fà àbọ̀ la ti ń jáde nílé kí oòrùn tó mú. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, pọ́ńpù ti wà lẹ́yìn ọmọ tó ń bá wa fín in; aago mẹ́wàá, ó ti fín gbogbo rẹ̀ tán, ó ti gbowó, kálukú ti ń wá ọ̀nà òde tó fẹ́ lọ. Ó rọrùn, n kò jiyàn. Àmọ́ aago yẹn gan-an ni òdòdó ẹ̀gúsí ń là.

Ẹ gbà mí láàyè kí n ṣàlàyé, torí mo gbà pé ibí ni a ti ṣìnà. Ẹ̀gúsí kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàdo. Àgbàdo gbé akọ sórí, ó gbé abo sáyà: ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lókè ni akọ, irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni abo. Afẹ́fẹ́ ló ń gbọn lẹ́búlẹ́bú òkè sórí irun ìsàlẹ̀, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló sì ní hóró tirẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí hóró fo lára àgbàdo, irun ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú kò bà. Bí gbogbo oyin ilẹ̀ yìí bá kú lónìí, àgbàdo á ṣì gbó. Ìrẹsì á gbó, ọkà bàbà á gbó. Ẹni tó ń gbin àwọn wọ̀nyí lè fi ogún ọdún fín oko láàárọ̀ kó má rí àdánù kankan, torí pé kò sí àdánù fún un níbẹ̀. N kò bá wọn jà.

Ẹ̀gúsí, elégédé, kùkúńbà àti wọtamẹ́lọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìtàkùn kan náà, òdòdó akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Akọ, igi tín-ín-rín lásán ló gbé e dúró. Abo, bàrà kékeré kan tí kò tó orí àtàǹpàkò ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò tíì di bàrà o. Lẹ́búlẹ́bú akọ ló ń dúró dè, lẹ́búlẹ́bú yẹn sì wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Ara kòkòrò ló fi ń rìn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni abo yìí ní. Á là bí oòrùn bá ti ń yọ, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti pa dé, kò tún là mọ́ láé. Bí oyin bá ti bà á dáadáa, bàrà ẹ̀yìn rẹ̀ á dorí kodò, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí oyin kò bá bà á, tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á rọ, á já bọ́ sílẹ̀.

Oyin ẹ̀ẹ̀kan kò tiẹ̀ tó. Kùkúńbà tí ẹ ń rí tó wọ́, tí ìdí rẹ̀ tóbi tí orí rẹ̀ tín-ín-rín, ajílẹ̀ la máa ń dá lẹ́bi. Púpọ̀ nínú wọn, lẹ́búlẹ́bú tó dé ibẹ̀ ni kò kárí.

Oṣù Kẹfà tó kọjá, mo dé oko ṣáájú yín. Ilẹ̀ ṣì tutù, ìrì ṣì wà lára ewé. Mo jókòó sórí òkúta tó wà létí poro mi, mo tẹjú mọ́ òdòdó akọ kan. Oyin kan bà lé e. Kò fa omi dídùn lọ bí ẹni tó ń jalè. Ó wọnú rẹ̀ tán pátápátá, ó yí po, ó tún yí po, ó fẹ̀yìn jáde, gbogbo àyà rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n da gàrí elépo lé lórí. Ó dúró létí òdòdó, ó fi ẹsẹ̀ gbá ojú, ó fi ẹsẹ̀ gbá àyà, ó ń kó o sẹ́yìn sí itan. Lẹ́yìn náà ó fò lọ sórí abo kan tí kò jìnnà. Ìṣẹ́jú péréte ni gbogbo rẹ̀. Mo kà á: òdòdó mẹ́rìnlá ló bẹ̀ wò kó tó kúrò lójú ebè mi. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọdún kẹfà mi nídìí ẹ̀gúsí nìyẹn, n kò dúró wò ó rí.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, pọ́ńpù dé. Mo bẹ ọmọ tó gbé e kọ́ kó yọ tèmi sílẹ̀. Ó ní owó ti wọlé fún gbogbo oko, wọ́n á ní òun kò ṣiṣẹ́ pé. Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe fún un. Ó fín in. Ní nǹkan bí wákàtí kan, mo padà sí ìdí òkúta yẹn, mo bá oyin méje nílẹ̀. Ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn pòyì lórí iyẹ̀pẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ yọ síta bíi fọ́nrán òwú. Lẹ́búlẹ́bú tó ti kó sí itan ṣì wà níbẹ̀.

Mo so òwú pupa mọ́ òdòdó abo ogún lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́ta péré ló di bàrà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú òdòdó akọ, mo ya ewé rẹ̀ dà nù, mo ń fi àárín rẹ̀ pa ojú abo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún so òwú mọ́ ogún. Mẹ́rìnlá ló dúró. Ilẹ̀ kan náà ni, ajílẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Nígbà tí mo nàró tán, mo wo ìyókù oko náà tó lọ bẹẹrẹ bẹ́ẹ̀, mo ronú pé ta ni yóò san owó ọwọ́ ènìyàn fún ohun tí Ọlọ́run ti fi oyin ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ tó ń fín in. Mo gba ìgò oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lambda-cyhalothrin ni, òun náà là ń rà ṣáá. Ó wà níbẹ̀ gbangba, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, pé ó ń pa oyin, pé kí ẹnikẹ́ni má fín in sórí ohun ọ̀gbìn tó ń tanná lọ́wọ́. Ọmọ yìí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi Hausa mi tí kò já gaara sọ fún un pé oògùn yìí ń pa kudan zuma. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bàbá òun ní ilé oyin tí wọ́n fi koríko hun, tó gbé sórí igi nílé wọn, owó oyin yẹn ni wọ́n fi rán òun lọ síbi tí òun ti kọ́ṣẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun rí. Ta ni ì bá sì sọ ọ́? Àwa tá a rà á la mọ̀wé, a kò sì kà á.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún wà nínú òwe yẹn gan-an. Kòkòrò tó ń bà wá lóko jẹ́ kì í relé. Èyí tó ń lu ewé ẹ̀gúsí ní ihò, àwọn wẹ́wẹ́ bí iná orí tó kó sábẹ́ ewé, ẹ dé ibẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Oyin ní ilé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó ti padà sílé, òdòdó tó là láàárọ̀ ti pa dé, kò ní ohun tó ń wá lóko mọ́. Oògùn tí a bá fín nígbà náà, ẹni tó yẹ kó bá ló máa bá, ó sì ní òru mọ́jú láti fi gbẹ. N kò sọ pé ewu tán pátápátá o, torí èérí rẹ̀ a máa wà lára ewé fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oògùn tútù bá oyin lójú òdòdó, ìyẹn ni ikú ojú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ ní ìsàlẹ̀ oko, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju èmi lọ. A ń fín in láago mẹ́jọ, aago mẹ́sàn-án ẹ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ń já tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ máa tà ní ọjà Kuje lọ́sàn-án. Bí a bá fín in ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, títí di àárọ̀ Sátidé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Kí a má sì fín in rárá sórí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ já lọ́sẹ̀ yẹn. Iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn dúró wà lára ìgò náà. Ẹ rántí pé lọ́dún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ̀wà yẹn, àwa náà là ń jẹ irú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní òjò ìrọ̀lẹ́ á fọ̀ ọ́ lọ. Èyí tí a bá fín láàárọ̀, òjò ọ̀sán ń fọ òun náà, a sì ń tún un fín. Ká wo ojú ọ̀run ká tó pò ó. Ẹ ó ní ta ló máa dúró tì í, kí wọ́n má baà bu omi lé e jù tàbí kí ìgò pòórá. Kuje ni mò ń gbé, ìṣẹ́jú ogún ni ọ̀kadà fi ń gbé mi dé oko. Bí Akápò bá kó ìgò lé mi lọ́wọ́, èmi á dúró tì í láti aago márùn-ún àbọ̀ títí tó fi máa tán, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ìrọ̀lẹ́ kò lè tún ṣe, mi ò sì ní fi bò. Imidacloprid, oògùn apakòkòrò kan tí àwọn kan ń pò mọ́ irúgbìn tàbí tí wọ́n ń bu sí ìdí ọ̀gbìn, inú igi ló ń wọ̀, á gba inú rẹ̀ dé òdòdó, á bá oyin nínú lẹ́búlẹ́bú àti omi dídùn. Lọ́dún 2018, ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dè é pé wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó níta gbangba mọ́, òun àti méjì mìíràn tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, nítorí oyin. Bí a bá lè yẹra fún un nínú ohunkóhun tó ń tanná, inú mi á dùn.

Ọ̀pọ̀ yín ló ṣì ń rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan wọ inú tòmátì ní Kano àti Kaduna, tí àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ebola tòmátì, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna fi kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ̀rù ìgbà yẹn ló ń jẹ́ kí a fín oko kí kòkòrò tiẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ọmọ kòkòrò yẹn, àárín awọ ewé méjì ló ń gbé, oògùn òkè ewé kì í sábà bá a. Ohun tí a ń pa lóde ni aláǹtakùn, ni agbọ́n tó ń gbé kòkòrò wẹ́wẹ́ inú ewé lọ bọ́ ọmọ rẹ̀, ni àwọn tó ń bá wa ṣọ́ oko láìgbowó. Ká máa wo ewé lójú àti lẹ́yìn kí a tó pinnu, èyí kò ná wa ju rírìn lọ. Fún ohun tó ń jẹ ewé, dóńgóyárò pọ̀ ní gbogbo Àríwá yìí, omi hóró rẹ̀ tí a gún tí a sẹ́ tó fún oko kékeré, òun náà ní ìrọ̀lẹ́.

Ó kù ọ̀rọ̀ èpò.

Nígbà tí òjò mú dáadáa, ẹgbẹ́ ra oògùn apagbó, wọ́n fín gbogbo ààlà oko, láti ẹnu ọ̀nà Rubochi títí dé odò. Lọ́jọ́ kẹta gbogbo rẹ̀ ti jóná bí ẹni sun ún. Ó mọ́ lójú, àwọn kan yìn ín. Èmi wo ibẹ̀, mo ronú pé kí ni oyin máa jẹ nísinsin yìí? Ẹ̀gúsí kò tíì tanná nígbà yẹn. Àwọn ohun tó wà létí oko ló ń bọ́ wọn kí tiwa tó là, àwọn náà ló ń bọ́ wọn lẹ́yìn tí tiwa bá ti rọ̀. Igbálódé tó ń rá pálá nílẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ funfun létí tó pọ́n láàárín, kò sí oṣù tí kì í tanná níwọ̀n bí omi bá wà. Imí-eṣú ń bẹ níbẹ̀, yánrin ń bẹ níbẹ̀, tafasa tí àwọn ará ibí ń sè jẹ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó pípọ́n rẹ̀. Kì í ṣe oyin inú afárá nìkan ló sì ń jẹ níbẹ̀. Oríṣi oyin tó wà láyé lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé pọ̀ bí ará ilé: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ilẹ̀. Etí oko tí ọkọ́ kì í dé ni ilé wọn. Kòkòrò dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń gbẹ́ ihò sínú igi gbígbẹ, tí àwọn ọmọ wa ń lù pa, ẹ wò ó tó bá bà lé òdòdó ikàn: á di òdòdó náà mú, á gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì títí lẹ́búlẹ́bú á fi tú jáde bí iyọ̀ nínú ìgò. Oyin tí à ń gbà lára rẹ̀ jẹ kò mọ ọ̀nà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fín ààlà náà, kí ewé tó gbẹ, mo bá obìnrin aládùúgbò wa kan àti ọmọ rẹ̀ létí oko, wọ́n ti já tafasa kún agbọ̀n. Ewé náà ṣì tutù lójú, kò sí ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo sáré, mo ń ké. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń lé òun kúrò lórí ilẹ̀ wa ni, ó bínú, ó ní ilẹ̀ yìí, bàbá òun ló ni ín. Ìgbà tó yá ló yé e, ó da agbọ̀n náà sílẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ léraléra. N kò lè sọ bí ojú ṣe tì mí tó. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, oògùn apagbó kan, torí pé májèlé líle ni. Ẹ bá wa wo ohun tó wà nínú yàrá ìkẹ́rù ẹgbẹ́. Bí ìgò ọjọ́ pípẹ́ kan bá ṣì wà níbẹ̀, kó má jáde mọ́.

N kò ní kí ẹ jẹ́ kí igbó gba oko. Mo kórìíra èèkan bí ẹ ti kórìíra rẹ̀, òun ló gún mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi lọ gba abẹ́rẹ́. Èpò kan sì wà tí n kò ní bá tọrọ àánú: èyí tí òdòdó rẹ̀ dára lójú, aláwọ̀ èsè àlùkò, tó ń yọ nídìí àgbàdo àti ọkà bàbà, tí àwọn Hausa ń pè ní wuta-wuta. Gbòǹgbò àgbàdo ló ń so ara rẹ̀ mọ́, tó ń mu omi ara rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kó tó yọrí síta ni ó ti ṣe èyí tó burú jù. Igi rẹ̀ kan lè so irúgbìn tó ju 50,000 lọ, irúgbìn náà sì lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ fà á tu kó tó so, ẹ má dá a sí. Ẹ fi ẹ̀wà sóyà gba ọdún lọ́wọ́ àgbàdo lórí ilẹ̀ náà, bí àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ Àríwá: gbòǹgbò sóyà á tan irúgbìn rẹ̀ hù, kò ní rí ohun tó máa mu, á kú. Ohun tí mo ń tọrọ ni ìgbésẹ̀ méjì péré ní etí oko, yípo, tí a óò máa fi àdá bẹ́ kó má ga, tí a kò ní fín nǹkan kan sí. Kí a sì pín in bẹ́: apá kan lónìí, apá kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òdòdó má baà tán níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ igi igbá, igi tí à ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ pé oyin inú rẹ̀ ta ọmọ ọmọ-ẹgbẹ́ wa kan, ojú ọmọ náà wú, ìyá rẹ̀ kò sùn. Ohun tó dun ọmọ yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi táyà àti bẹntiróòlù sun ihò igi náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló jóná síbẹ̀, afárá yọ́, ó ń ṣàn lára igi. Àwọn tó ń kó oyin kúrò láìpa á wà ní Kuje yìí, èéfín díẹ̀ ni wọ́n ń lò lálẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ sínú àpótí tó jìnnà sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré. Nígbà ìkómọjáde ọmọ ọmọ yín lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin tìkára yín lẹ mú oyin, tẹ́ ẹ fi kàn án lẹ́nu, tẹ́ ẹ ní ayé rẹ̀ á dùn bí oyin. Mo wà níbẹ̀, mo ṣe àmín. Ibi igi yẹn ni oyin tó wà nínú àwo yẹn ti wá. Èmi ni mo rà á lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá wa fín oko.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àwa ẹlẹ́gùúsí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgbàdo. Kò parọ́. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kan to irúgbìn oúnjẹ 115 tó gbajúmọ̀ jù láyé sílẹ̀. 87 nínú wọn ló ń jẹ àǹfààní oyin, labalábá, eṣinṣin, àdán àti irú wọn. Síbẹ̀, bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ ayé ló ń wá láti ara àwọn tí afẹ́fẹ́ tó fún, tàbí tí ń dá ara wọn ṣe. Àwọn ló ń kún àpò. Ṣùgbọ́n àgbàdo yẹn, kí la fi ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀? Ọbẹ̀ ni. Ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, irú wà níbẹ̀, ata àti tòmátì wà níbẹ̀, èso tí à ń fún ọmọ jẹ lẹ́yìn oúnjẹ wà níbẹ̀. Òrí tí a fi ń pa wọ́n lára, oyin ló ń bẹ òdòdó igi emi wò kó tó so.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni mo ń wò, kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀ tí a tún máa ra oògùn tuntun. Mo ti bá ọmọ tó ń fín in sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní oòrùn kò tiẹ̀ ní pa òun.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ tó ya sídìí àgbàdo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà lọ́dọ̀ mi lẹ́bàá odò láago méje. Kùkúńbà ẹ̀ẹ̀rùn mi ti ń tanná. Igi igbá náà kò kú. Apá tí iná kò dé ti yọ òdòdó, pupa roboto, ó ń rọ̀ dirodiro. Àdán ń bẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, mo sì ti rí oyin mélòó kan níbẹ̀ láàárọ̀, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Mo ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta mi fún yín. Kí ẹ má fín lọ́fíndà sára wá, oyin kì í fẹ́ ẹ.

Èmi ọmọ yín,
ẹlẹ́gùúsí ẹ̀bá odò